Ọ̀pá Ìpẹja Tí Mo Fi Àgbà Yàn

Ẹ gbé fóònù yẹn kúrò níwájú mi ná. Mo ti rí àwòrán reel márààrún, ẹ̀rọ tó ń wé okùn ọ̀pá ìpẹja, tí ẹ fẹ́ kí n bá yín yan ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n dára, wọ́n ń dán, orúkọ wọn gùn ju oríkì ọba lọ. Ẹ ní bí mo bá ti nawọ́ sí ọ̀kan báyìí, ẹ óò tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, wọ́n á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín lọ́la. Mo fi eré nawọ́ sí èyí tó pupa, gbogbo yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kò bi mí ìdí tí mo fi mú un. Ẹ kò bi mí irú ẹja tí a fẹ́ fi pa. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó má bàa di egbò sí mi lọ́kàn. Ẹ jókòó. Ìyá Bọ́lá ń gbé tíì bọ̀ láti kíṣìnnì, kò sì sẹ́ni tó ń lé yín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, létí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohùn àkọ́kọ́ tí a ń gbọ́ ni àjẹ̀ tí àwọn ọkùnrin fi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, gbà, gbà, gbà, tí wọ́n fi ń lé ẹja wọnú àwọ̀n. Bàbá mi kò ní ọ̀pá olówó ńlá. Ọparun ni tirẹ̀, ọjọ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé okùn lásán ló wé mọ́ ìka. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa ju ẹja lọ. Ẹ óò tún àwọ̀n tó ya ṣe, ẹ óò gbọ́n omi inú ọkọ̀, ẹ óò sá ìgèrè tí a fi ń dẹ ẹja sóòrùn kí ó má bàa jẹrà. Lọ́jọ́ eré ọkọ̀ tí ìlú ń ṣe lọ́dọọdún, bàbá mi a wọ dàńṣíkí aláró, a jókòó sí iwájú ọkọ̀, kò sì ní wa àjẹ̀ rárá, ariwo ni yóò máa pa mọ́ àwọn tó ń wa á. Ọdún kan ó pariwo títí ó fi ré sínú omi. Ọkọ̀ kò dúró dè é. Ó lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, ó sì ní òun ni òun kọ́kọ́ dé.

Òfin méjì ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Èkíní, ìka ni ojú apẹja, má ṣe fi ohunkóhun bò ó, nítorí okùn ló ń sọ fún ìka pé ẹja ti dé. Èkejì, bí àlejò bá bi ọ́ níbi tí ẹja wà, sọ fún un pé kò sí ẹja níbẹ̀. Òfin méjèèjì dára ní Ẹ̀pẹ́. Mo gbé wọn wọ bàálù wá sí Calgary ní Kánádà níbí láìyẹ̀ wọ́n wò, bí ẹni tó di gààrí sínú báàgì tí kò mọ̀ pé kòkòrò ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin kò sí níbí nígbà tí owó epo wó lulẹ̀. Ẹ dé bá a nígbà tó ti gbérí. Nọ́ọ̀sì ni àwọn kan nínú yín, kọ̀ǹpútà ni àwọn yòókù ń ṣe, epo kò kàn yín. Àwa, epo ni gbogbo wa rọ̀ mọ́. Páìpù ni mo ń yẹ̀ wò, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo sì fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo fi káàdì mi kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo rò pé káàdì ló bàjẹ́. Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo tún fi kàn án. Ọmọdébìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ jáde wá, ó ní, "I'm so sorry," ó gbé páálí kan lé mi lọ́wọ́. Kọ́ọ̀pù mi àti bàtà iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti bá mi palẹ̀ mọ́ kí n tó dé. Títí di òní, bí mo bá rántí bí mo ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ara mi máa ń gbóná.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilé gogoro àárín ìlú dá páro, tí ẹ bá wọ train láàárọ̀, ẹ óò rí ìjókòó. Nínú oṣù keje, nígbà tí ìlú bá ń ṣe Stampede, ọdún àwọn cowboy, tí wọ́n sì ń dín pancake lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri, a máa ń jẹun ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní agogo méje, a tún wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní agogo mẹ́sàn-án, pẹ̀lú fìlà cowboy lórí wa kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé ebi ló gbé wa wá. Ẹlẹ́rọ, onímọ̀ ilẹ̀, gbogbo wa la to sórí ìlà pẹ̀lú àwo bébà. A ń rẹ́rìn-ín o. Ẹ má rò pé a ń sunkún.

Àwa mẹ́ta la wá di ọ̀kan. Èmi nìyí níbí ní Castleridge. Sìkírù wà ní Rundle, àdúgbò tó wà nítòsí, ọmọ Ìsẹ́yìn, iṣẹ́ jíjó páìpù pọ̀ ló ń ṣe. Délé sì wà ní Airdrie, ìlú kékeré tó wà lẹ́yìn Calgary, òun ló kéré jù, kò tíì pé ogójì ọdún, ìmọ̀ ilẹ̀ ló kà. Fúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Délé ló mọ adágún. Ọdún mẹ́jọ ló ti wà nílùú yìí, àwọn òyìnbó ọ́fíìsì rẹ̀ ti mú un kiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pẹja, ó mọ ibi tí ìjọba gbà ká pa á, ó mọ iye tí a lè gbé lọ sílé. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ló ní, irú èyí tí reel rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní spinning, tí àkọ́bẹ̀rẹ̀ lè lò. Ó kó wọn wá, ó ní kí a má jókòó sílé máa wo ògiri.

A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ wà níbi iṣẹ́. A ń pa whitefish, a ń pa pike. Pike yẹn léegun ju ìyà lọ, ṣùgbọ́n ẹ se é lọ́bẹ̀ aláta, ẹ óò jẹ ẹ́. Inú gáréèjì Sìkírù la ti ń pín in. Délé tó kéré jù ló ń pín in sọ́nà mẹ́ta, èmi àgbà ni mo sì ń kọ́kọ́ mú. Ìpín rẹ̀ dọ́gba débi pé mo máa ń dúró lórí rẹ̀ tí n kò mọ èyí tí mo fẹ́ mú. Ẹ ò mọ bí inú ilé ṣe rí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí kò mú owó wálé fún oṣù márùn-ún wọlé, ó gbé ẹja lọ́wọ́, aya rẹ̀ sì rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Mo ti ń wo ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn òyìnbó ìhà gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pa bass. Ẹja náà a fò sókè, a gbọn orí, omi a tú ká. Ojú mi wọ̀ ọ́. Mo wo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ Délé, mo ní ohun ìṣeré ọmọdé nìyí, ẹ jẹ́ ká lọ ra ti ọkùnrin. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Ọ̀pá tò sí ògiri láti ìlà dé ìlà. Mo ń gbé e, mo ń jù ú nínú afẹ́fẹ́, mo ń fi etí sí i bí ẹni tó ń dán agogo wò. Mo wá mú èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tó le, tó wúwo, pẹ̀lú reel tó ń jókòó sórí ọ̀pá. Irú tí ẹ fi hàn mí ní ìsinsìnyí gan-an ni. Okùn rẹ̀ wé mọ́ ohun kan bí òwú lára kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, bí ẹ bá sì ju ìjẹ, gbogbo rẹ̀ a máa yí fìrì. Àtàǹpàkò yín ni bíréèkì. Bí àtàǹpàkò bá fi í sílẹ̀ jù, okùn a lọ́ mọ́ra di ìtẹ́ ẹyẹ. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ìjẹ a já lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín. Ìjẹ tó wúwo ló sì fẹ́, fún ẹja tó ń sá pamọ́ sínú koríko omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Délé dúró lẹ́yìn mi. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rò pé bass wà nínú àwọn lake tó yí wa ká yìí o. Pike àti walleye ló wà nínú wọn. Spinning tó wà nílé yẹn á ṣe é."

Mo yíjú sí i. Mo ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní ẹja?"

Sìkírù rẹ́rìn-ín. Délé náà rẹ́rìn-ín, ó tẹríba, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó sì ra irú tèmi. Ó mọ̀ pé kò dára, ó rà á, ọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí òyìnbó láéláé. Òyìnbó á ní, "No, you're wrong," á gbé tirẹ̀, á máa lọ. Àwa ni, tí a mọ ọ̀wọ̀.

Láti ọjọ́ náà lẹja ti dín kù. Ìjẹ wa wúwo jù, ó ń balẹ̀ gbàmù bí òkúta, gbogbo ẹja agbègbè a sá. Ìdajì ọjọ́ la fi ń tú okùn tó lọ́. Òyìnbó arúgbó kan wà tó máa ń jókòó sórí àga onírin létí adágún, ó wo ọ̀pá wa, ó ní ṣé bass la ń wá, kò sí bass níbí o. Ẹ gbọ́ ohun tí ọgbọ́n mi sọ fún mi. Mo rántí òfin bàbá mi. Mo ní apẹja wo ló máa sọ òótọ́ fún àlejò? Tó bá ní kò sí, ó wà nìyẹn. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé a ti súnmọ́ ọn. Délé wo ilẹ̀. Sìkírù ní, "Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀." Ìpín inú gáréèjì kéré títí ó fi di pé kò sí ohun tí a fẹ́ pín mọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀pá mi ló fà á.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Ta ló ń lò ó? Ẹ máa ń pa á fún mi níbi ìkómọ, ẹ óò sì tún jókòó máa mi orí.

Ní òpin oṣù kẹwàá, Délé gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfúrufú, níbi tí wọ́n ti ń tún aago ìwọ̀n inú bàálù ṣe, pè é wá ṣe ìdánwò ní Ọjọ́rú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, skúrù tín-ín-tín ni wọn yóò kó sílẹ̀ fún un kí ó tò ó. Ọwọ́ Délé dára, ẹni tó ń pín ẹja tó dọ́gba bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún wa pé ilé Airdrie ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn, owó Fúnkẹ́ nìkan kò gbé e mọ́. Bí òun bá rí iṣẹ́ yìí, àwọn dúró. Bí òun kò bá rí i, ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ wà ní Saskatoon, ìrìn wákàtí mẹ́fà sí ibí, ibẹ̀ ni àwọn máa kó lọ, ní yàrá kan nínú basement, abẹ́ ilé rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sinmi lọ́jọ́ Ajé. Mo ní rárá o, adágún ti fẹ́ dì, ìgbẹ̀yìn nìyí, wá jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ó wá.

Òtútù ọjọ́ náà wọ minus twelve. Yìnyín tín-ínrín ti bò létí omi, atẹ́gùn ń bọ̀ láti ìhà àríwá, ó ń dún nínú esùsú. Reel yẹn, bí ẹ bá ń wé okùn bọ̀, omi ló ń gbé wá, orí àtàǹpàkò ló sì ń dà á sí. Délé wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, okùn sì ń lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ léraléra. Ó sú mi. Mo ní, "Délé, bọ́ nǹkan yẹn. Ìka ni ojú apẹja. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ẹja dé pẹ̀lú tìmùtìmù lọ́wọ́?"

Ó wò mí. Ó bọ́ ọ, ó kì í sápò.

Èmi náà bọ́ tèmi, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti pẹ́ díẹ̀ mo padà sínú mọ́tò láti lọ mu tíì, mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ amóoru, mo ń wò wọ́n láti inú gíláàsì. Sìkírù ti ki ọwọ́ bọ àpò. Délé nìkan ló ń jù ú, nítorí mo ti ní kí ó máa jù ú. Nígbà tí mo fi jáde, ó ní àtàǹpàkò òun kò dun òun mọ́. Ó rò pé òtútù ti mọ́ òun lára ni. Mo wò ó, ó ti funfun bí àbẹ́là. Ẹ gbọ́ ohun tí mo tún ṣe. Mo da omi gbígbóná inú fúláàsì lé e lórí, mo ní iná la fi ń lé òtútù. Ara tó ti kú kò mọ̀ pé omi gbóná. Ó bó.

A gbé e délé. Fúnkẹ́ ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀ẹ̀kan ló wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó mọ ẹni tó ṣe é. Obìnrin yìí kúnlẹ̀, ó kí mi, ó ní, "Ẹ ṣé o, sà, ẹ kú wàhálà." Ó wá gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Mo dúró ní pálọ̀ rẹ̀ bí agbada tó jò.

Wọ́n gé orí àtàǹpàkò náà kí oṣù kejìlá tó dé. Ọjọ́rú ìdánwò, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì tó tóbi tó ọsàn, ilé iṣẹ́ náà sì fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Lẹ́yìn Kérésìmesì wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n gba ọ̀nà Saskatoon lọ. Kí wọ́n tó lọ, Délé gbé ìgò oyin kan wá fún èmi àti Ìyá Bọ́lá, ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yìí, ó ní kí a máa gbàdúrà fún àwọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo wà lọ́jà, èmi ni mo wọ́ orí ọmọ.

Owó epo padà gòkè. Sìkírù padà síṣẹ́, ó ra ọkọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnnì, òun nìkan ló ń dá wà á. Ó máa ń fi fọ́tò ẹja ránṣẹ́ sí mi, ẹja ńlá ńlá, ó ní òun dá a padà sómi. Kò sí gáréèjì mọ́, kò sí ìpín mẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú fíríìjì ẹnì kejì. Ẹ̀yin náà, reel mẹ́rin ni ẹ fẹ́ rà, ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ óò gbà lọ, fọ́tò mẹ́rin ni ẹ óò fi ránṣẹ́. Ohun tó kù láyé ìgbà náà, tí ẹ gbé wá kún ilé mi lónìí, kò ju pé ẹ kò lè sọ fún arúgbó pé kò gbọ́n. Gbogbo èyí tó dára ti lọ, èyí tó gé ọmọlọ́mọ lọ́wọ́ ló ṣẹ́kù.

Délé ń pè mí lọ́dọọdún. Ó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé lọ́hùn-ún, ó ní ara àwọn le. Kò tíì fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ kàn mí rí. Nínú oṣù tó kọjá, n kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo bi í léèrè. Mo ní, "Délé, lọ́jọ́ yẹn, ṣé o mọ̀ pé òtútù máa jẹ ọ́ lọ́wọ́?"

Ó wá ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé tó o fi bọ́ ìbọ̀wọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n bọ́ ọ."

Inú bí mi. Mo pariwo lórí fóònù débi pé Ìyá Bọ́lá sáré jáde láti yàrá. Mo ní kó bú mi. Mo ní kó bú mi lẹ́ẹ̀kan péré, kó pè mí ní òmùgọ̀ àgbà, kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi láti gbogbo ọdún yìí wá, kí n lè sùn. Mo ní mo bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ Ọlọ́run.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.